Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lórí èròjà kékeré inú níkẹ́ẹ̀lì abẹ́ tọ́báìnì

Ẹ̀yin àbúrò tí ẹ ń yọ́ kọ̀ndẹ́ẹ̀mù di ọ̀pá ìkọ́lé ní Odógunyàn, ojú tí ẹ fi ń wo irin ilé kọ́ lẹ ó fi wo abẹ́ tọ́báìnì gáàsì, ẹ̀rọ tí gáàsì gbígbóná ń yí. (Ẹ̀rọ iná mànàmáná Egbin tó wà ní Ìjẹ̀dẹ́ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o: oru omi ló ń yí i, abẹ́ rẹ̀ kì í rí 800°C.)

Nínú àdàlù níkẹ́ẹ̀lì tí a fi ń ṣe abẹ́ yìí, alumíníọ̀mù àti titanium ló ń fún inú hóró (àwọn kírísítà wẹ́wẹ́ tó para pọ̀ di irin) lágbára. Àmọ́ bí ooru bá ga tí ẹrù sì pẹ́ lórí abẹ́, ààlà láàárín hóró ló máa ń kọ́kọ́ là. Ibẹ̀ gan-an ni boron, zirconium àti kábọ́ọ̀nù ń lọ jókòó. Kábọ́ọ̀nù ń di káábáìdì wẹ́wẹ́ (kábọ́ọ̀nù tó so pọ̀ mọ́ irin mìíràn) tí kì í jẹ́ kí hóró yọ̀ lórí ara wọn. Boron ń mú ààlà dì mọ́ra. IN738LC, ọ̀kan nínú àdàlù níkẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń ṣe abẹ́, ní kábọ́ọ̀nù bíi 0.11%, zirconium 0.05%, boron 0.01%. Nínú 100 kg, boron yẹn ò ju gíráàmù 10 lọ. Bí níkẹ́ẹ̀lì-boron yín (àdàlù tí ẹ fi ń gbé boron wọlé) bá ní boron 16%, gíráàmù 63 lẹ ó wọ̀n.

Lójú tèmi, àsìkò tí ẹ dà á sí i ń ba iṣẹ́ jẹ́ ju òṣùwọ̀n lọ. Nínú iléru tí a ti fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde, ẹ jẹ́ kí kábọ́ọ̀nù kọ́kọ́ lé ọ́síjìn lọ, kí híhó rẹ̀ rọlẹ̀, kí boron àti zirconium tó wọlé. Bí wọ́n bá bá ọ́síjìn níbẹ̀, ìdàrọ́ ni wọ́n máa dà. Ìkòkò náà ń dá sí i: nínú àwọn ọdún 1950, olùwádìí Decker àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà rí i pé àdàlù níkẹ́ẹ̀lì tí wọ́n yọ́ nínú ìkòkò zirconia (zirconium pẹ̀lú ọ́síjìn) ń pẹ́ lábẹ́ ẹrù ju ti ìkòkò magnesia (magnesium pẹ̀lú ọ́síjìn) lọ, torí zirconium ara ìkòkò ti wọ inú rẹ̀.

Boron àpọ̀jù ń mú kí ààlà yọ́ nígbà tí ẹ bá tún abẹ́ fi sínú iná. Zirconium àpọ̀jù ń jẹ́ kó sán nínú mọ́ọ̀dù, kó sì lu ihò.

Nínú àwọn èròjà tí a ò fẹ́ rárá, òjé àti bismuth ló burú jù. Ọ̀pọ̀ ìlànà kò gba bismuth tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù, ìyẹn gíráàmù 0.1 nínú 100 kg. Ààlà kan náà ni wọ́n ń lọ, wọ́n sì ń tú u. Nítorí náà, kọ̀ndẹ́ẹ̀mù tí ẹ ò mọ orísun rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọlé. Ẹ tún ṣọ́ àdàlù bismuth òun tánńganran tí wọ́n máa ń dà yí abẹ́ ká kó lè dúró fún lílọ̀: ẹ fọ̀ ọ́ dànù pátápátá kí abẹ́ tó kan iná. Ẹ̀rọ XRF àfọwọ́mú, tó ń fi ìtànṣán X wo èròjà irin, ò rí boron, kò rí kábọ́ọ̀nù. Ẹ̀rọ onísípáàkì ni kẹ́ ẹ fi wò wọ́n, kẹ́ ẹ sì gbé ti bismuth lọ síbi tí wọ́n ní ICP-MS, ẹ̀rọ tó ń wọn èròjà tó kéré gan-an.