Ẹ Má Gba Iṣẹ́ Ọlọ́run Ṣe, Ẹ Má sì Gbé Tiyín Lé E Lọ́wọ́

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ kíláàsì àwọn tó ń múra láti ṣèrìbọmi. Iṣẹ́ yìí ti sọ mí di ẹni tí àwọn èèyàn máa ń dúró dè lẹ́yìn ìpàdé. Wọ́n á wo ọ̀tún, wọ́n á wo òsì, wọ́n á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bá yín sọ nǹkan kan." Ohun tí mo ti rí kọ́ nínú ọ̀rọ̀ wọn ni pé àwọn tí ẹ̀ṣẹ̀ ń dà láàmú jù lọ kì í ṣe àwọn tí kò gbọ́ rí pé Jésù kú fún ẹlẹ́ṣẹ̀. Wọ́n ti gbọ́ ọ. Wọ́n tiẹ̀ lè kọ ọ́ lórin láìwo ìwé.

Ọkùnrin kan wà tó kó owó alábàáṣòwò rẹ̀ jẹ. Ọdún ń gorí ọdún, ó ń gbààwẹ̀, ó ń ṣọ́ òru, ó ń dá ọrẹ ńláńlá. Nígbà tí mo bi í bóyá ó ti bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ní òun ti fi ìyẹn lé Olúwa lọ́wọ́. Ẹ wo ohun tó ń ṣe: ó ń gbààwẹ̀ kó lè san gbèsè tí kò sí ẹ̀dá tó lè san, ó sì ń bẹ Ọlọ́run pé kó bá òun san èyí tó wà níkàáwọ́ òun. Ó ti pààrọ̀ iṣẹ́. Láti ìgbà tí mo ti rí i lára rẹ̀ ni mo ti ń rí i lára ọ̀pọ̀ èèyàn, ìmọ̀ràn tí mo sì ń fún wọn kò ju pé kí wọ́n dá iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Àmọ́ ká tó dé ibẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Bí mo bá béèrè ní kíláàsì pé kí ni ẹ̀ṣẹ̀, orúkọ ìwà ni wọ́n máa ń kà fún mi: irọ́, olè, àgbèrè, ìlara. Wọn ò purọ́, ṣùgbọ́n wọn ò tíì dé ìdí ọ̀rọ̀. Nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 3, kí Éfà tó na ọwọ́ sí èso yẹn ni ejò ti mú un gbà pé Ọlọ́run ń fi ohun rere du òun. Àìgbẹ́kẹ̀lé yẹn ló ṣáájú, jíjẹ ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni ewé ọ̀pọ̀tọ́, lẹ́yìn náà ni sísápamọ́ sáàárín igi. Nígbà tí Ọlọ́run béèrè, Ádámù ní obìnrin tí Ọlọ́run fún òun ni, obìnrin ní ejò ni. Kí orí náà tó parí, àárín wọn àti Ọlọ́run ti dàrú, àárín ọkọ àti aya ti dàrú, ilẹ̀ tí wọ́n ń ro pàápàá ti di ọ̀tá wọn. Ẹni tó bá sọ fún mi pé ẹ̀ṣẹ̀ òun kò kan ẹnikẹ́ni, ibẹ̀ ni mo máa ń ní kó lọ kà.

Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní Àríwá Áfíríkà, tó gbé ayé láti ọdún 354 sí 430, sọ nípa ara rẹ̀ pé nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún 16, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ òun lọ jí èso píà lórí igi onígi. Ebi kò pa wọ́n. Èyí tó dára ju ìyẹn lọ wà nílé. Ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n da èyí tó pọ̀ jù fún. Ohun tó dùn mọ́ wọn níbẹ̀ ni pé kò yẹ kí wọ́n ṣe é. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn nítorí kò sí àwáwí nínú rẹ̀, kò sí ìṣẹ́, kò sí ẹni tó tì wọ́n. Lásìkò Augustine náà ni olùkọ́ni kan tó ń jẹ́ Pelagius ń kọ́ni pé ẹ̀dá lè fi agbára ara rẹ̀ yan rere bó bá ti pinnu, tí ìgbìmọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù tó pàdé ní Carthage lọ́dún 418 sì ní rárá o. Pelagius ti kú, ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò kú. Mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń sọ pé, "Mo ti pinnu, mi ò ní ṣe é mọ́ láé." Ìpinnu dára. Àmọ́ a kì í fi ètè sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

Ó dáa, iṣẹ́ wo ni ti Ọlọ́run? Ẹ lọ wo Ọjọ́ Ètùtù nínú Léfítíkù orí 16. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, olórí àlùfáà yóò mú òbúkọ méjì. Wọ́n á pa ọ̀kan, yóò gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wọ ibi mímọ́ jù lọ. Yóò gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí èkejì, yóò jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ènìyàn lé e lórí, wọ́n á sì fà á lọ sí aginjù. Ohun kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí: òfin ní àwọn ènìyàn náà kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ kankan lọ́jọ́ yẹn. Kí wọ́n pọ́n ara wọn lójú, kí wọ́n sì jáwọ́ nínú iṣẹ́. Ẹlòmíràn ló ń ṣe iṣẹ́ ètùtù fún wọn.

Ìwé Hébérù orí 10 wá sọ pé ẹ̀jẹ̀ akọ màlúù àti ti òbúkọ kò lè mú ẹ̀ṣẹ̀ kúrò, pé ọdọọdún tí wọ́n ń tún un ṣe gan-an ló ń rán wọn létí pé ẹ̀ṣẹ̀ ṣì wà ńlẹ̀. Àlùfáà a máa dúró lójoojúmọ́ nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Kristi rú ẹbọ kan ṣoṣo, Ó sì jókòó. Mo máa ń ní kí wọ́n dúró lórí jíjókòó yẹn dáadáa, torí ẹni tí iṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀ kì í jókòó.

Àwọn ìjọ kò fi ohùn kan náà ṣàlàyé bí àgbélébùú ṣe ń mú ẹ̀ṣẹ̀ kúrò. Anselm tó di bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury lọ́dún 1093 sọ ọ́ bí ọlá tí ẹ̀dá jẹ Ọlọ́run, tí ẹ̀dá lásán kò lè san. Àwọn Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì Ìlà Oòrùn fẹ́ràn láti sọ ọ́ bí ìwòsàn àti ìṣẹ́gun lórí ikú. Àwọn Alátùn-únṣe Ìjọ, ìyẹn àwọn tó bẹ̀rẹ̀ àwọn ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì, tẹnu mọ́ ìyà tí Kristi jẹ ní ipò wa. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí. Gbogbo wọn ló gbà pé ẹlẹ́ṣẹ̀ kò lè ṣe é fún ara rẹ̀.

Ohun tó ń jẹ́ kí èèyàn gba iṣẹ́ Ọlọ́run ṣe ni pé ara kì í tètè gbà á gbọ́ pé ó ti parí. Nígbà tí Martin Luther, ọ̀kan lára àwọn Alátùn-únṣe náà, ṣì jẹ́ mọ́ńkì, a máa jẹ́wọ́ fún ọ̀gá rẹ̀, Johann von Staupitz, títí tí yóò fi sú ẹni tó ń gbọ́ ọ. Bó bá sì kúrò níbẹ̀, yóò tún rántí òmíràn. Obìnrin kan wà ní kíláàsì mi tó rí bẹ́ẹ̀. Ohun kan náà ló ń jẹ́wọ́ nígbà gbogbo, ohun tó ti ṣe nígbà èwe, tó sì ti jáwọ́ nínú rẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Mo bi í pé, "Ìgbà wo ni yóò tó?" Kò rí èsì fọ̀. Mo ṣí 1 Jòhánù 1:9 fún un, mo fi hàn án pé Jòhánù so ìdáríjì mọ́ òtítọ́ àti òdodo Ọlọ́run, kò so ó mọ́ bí ara ṣe rí wa lọ́jọ́ yẹn. Bí ẹ bá ti jẹ́wọ́ ohun kan, tí ẹ sì ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, tó bá tún padà wá dà yín láàmú, ìdúpẹ́ ni kẹ́ ẹ fi pàdé rẹ̀. Ẹ sọ pé, "Olúwa, mo dúpẹ́ fún èyí tí O ti dárí rẹ̀ jì mí." Ó máa ń ṣòro lẹ́nu lákọ̀ọ́kọ́, ó sì jọ ìgbéraga létí àwọn kan. Kì í ṣe ìgbéraga.

Iṣẹ́ tiwa wá ńkọ́? Ọ̀kan ni pé kí á pe ẹ̀ṣẹ̀ lórúkọ. Ẹ fi ọba méjì wé ara wọn. Nínú 1 Sámúẹ́lì orí 15, Sọ́ọ̀lù sọ pé òun ti ṣẹ̀, ó sì fi kún un pé ẹ̀rù àwọn ènìyàn ló ba òun. Kò pẹ́ tó tún bẹ Sámúẹ́lì pé kó bọlá fún òun lójú àwọn àgbàgbà. Ẹ̀ṣẹ̀ Dáfídì burú ju ìyẹn lọ, tí a bá fojú èèyàn wò ó: ó gba aya Ùráyà, ó mú kí wọ́n pa ọkọ, obìnrin náà sì ti bímọ kí Nátánì tó wá bá a. Èsì rẹ̀ kò gùn: "Mo ti ṣẹ̀ sí Olúwa." Kò sí "ṣùgbọ́n" nídìí rẹ̀. Àwa pàápàá, "Bí mo bá ṣẹ ẹnikẹ́ni, kó foríjì mí" ni à ń sọ. Ìyẹn kì í ṣe ìjẹ́wọ́, ìkíni ni. Ẹ má sì gbàgbé ohun tí a kò ṣe. Ìjẹ́wọ́ gbogbogbò inú ìwé àdúrà àwọn Áńgílíkà ka ohun tó yẹ ká ṣe tí a kò ṣe ṣáájú ohun tí kò yẹ tí a ṣe. Òbí tí a kò bójú tò, ẹlẹ́rìí tí a kọ̀ láti jẹ́, ọ̀rọ̀ tá a gbé mì nígbà tí wọ́n ń rẹ́ aláìlera jẹ, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀.

Jákọ́bù 5:16 ní ká jẹ́wọ́ fún ara wa. Láti ọdún 1215 ni Ìjọ Kátólíìkì ti sọ ọ́ di dandan pé kí ọmọ ìjọ jẹ́wọ́ fún àlùfáà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ó kéré tán, àlùfáà náà kò sì gbọdọ̀ tú àṣírí. Ìjọ yòówù kẹ́ ẹ máa lọ, ẹ wá ẹni tí ẹnu rẹ̀ mọ́. Ní tèmi, mi ò fara mọ́ kí èèyàn dìde láàárín ìjọ láti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tó kan ẹlòmíràn láìjẹ́ pé ẹni náà gbà. Irú rẹ̀ ti tú ilé tí kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí.

Iṣẹ́ kejì ni àtúnṣe. Léfítíkù orí 6 ní ẹni tó bá fi ẹ̀tàn gba nǹkan ọmọnìkejì rẹ̀ yóò dá a padà pé, yóò fi ìdá márùn-ún rẹ̀ kún un, ọjọ́ tó bá ń mú ẹbọ ẹ̀bi wá gan-an ni yóò sì fún oníǹkan. Jésù náà ní kí ẹni tó ti gbé ẹ̀bùn rẹ̀ dé ibi pẹpẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀, kó lọ bá arákùnrin rẹ̀ làjà ná. Ní ti Sákéù nínú Lúùkù orí 19, ìlọ́po mẹ́rin ló ní òun yóò dá padà. Àmọ́ ẹ wo èyí tó ṣáájú: Jésù ti pè é lórúkọ látorí igi, Ó ti ní òun yóò wọ̀ sílé rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìdápadà. Sákéù kò fi owó ra àlejò rẹ̀.

Ẹni tó ṣe apá tirẹ̀ láìgba ti Ọlọ́run náà wà. Júdásì jẹ́wọ́, ó ní òun ti ṣẹ̀, ó sì dá ọgbọ̀n owó fàdákà náà padà. Ọ̀dọ̀ àwọn tó fi owó háyà rẹ̀ ló gbé e lọ, wọ́n sì ní kí ló kan àwọn. Pétérù tó sẹ́ Olúwa kò ní ohun tó máa dá padà, ṣùgbọ́n ó wà láàárín àwọn yòókù títí Jésù fi wá bá a.

Ọkùnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ bá alábàáṣòwò rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ẹni náà bínú gidigidi, ó gba owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọ̀rẹ́ wọn kò sì padà sí bó ṣe wà. Mo sọ èyí kẹ́ni kẹ́ni má baà rò pé ìdáríjì Ọlọ́run ń pa àbájáde rẹ́. Nátánì sọ fún Dáfídì pé Olúwa ti mú ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kúrò, ó sì sọ fún un lẹ́ẹ̀kan náà pé idà kò ní kúrò nílé rẹ̀. Ẹni tí ẹ ṣẹ̀ kò jẹ yín ní ìdáríjì lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi Bíbélì tì í. Bó bá ní òun kò fẹ́ rí yín, ẹ fọ̀wọ̀ rẹ̀ wọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ fi ohun tó jẹ́ tirẹ̀ rán ẹlòmíràn sí i. Bó bá jẹ́ ọ̀ràn tí òfin ń bójú tó, pàápàá tó bá kan ọmọdé, àdúrà inú yàrá kò rọ́pò ọlọ́pàá àti adájọ́, olùṣọ́ àgùntàn tó bá sì sọ pé ó rọ́pò rẹ̀ ń ṣi yín lọ́nà.

Wọ́n sábà máa ń bi mí pé bí èèyàn bá tún ṣubú ńkọ́? Yóò tún dìde ni. Àkọ́kọ́ nínú kókó ọ̀rọ̀ 95 tí Luther gbé jáde lọ́dún 1517 ni pé gbogbo ìgbésí ayé onígbàgbọ́ ni Jésù fẹ́ kó jẹ́ ìrònúpìwàdà. Mo kàn máa ń bi ẹni náà bóyá ohun kan wà lọ́nà ibẹ̀ tó yẹ kó dí, foonu ni o, ẹgbẹ́ ni o, kọ́kọ́rọ́ àpótí owó tí kò yẹ kó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ni o.

Ìbéèrè tó le jù ni ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ tó sì ti kú. Nọ́ḿbà orí 5 ti ro ìyẹn: ohun tó yẹ kí a dá padà fún un lọ sọ́dọ̀ ìbátan rẹ̀, bí kò bá sì sí ìbátan, ó di ti Olúwa, àlùfáà ni yóò gbà á. Nítorí náà, ẹ wá àwọn ọmọ rẹ̀ kàn. Bí kò bá sí, ẹ fún aláìní, kẹ́ ẹ má sì kọ orúkọ yín sí i.