Ka Oríta Kí O Tó Ka Ilé

Tí ìlú bá ń fẹ̀, ilé la máa ń wò. Ilé kọ́ ló le jù níbẹ̀. Ilé ṣeé wó, ó ṣeé tún kọ́. Òpópónà tí wọ́n bá ti là, tí wọ́n ti ta pulọ́ọ̀tì sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀, ọmọ-ọmọ ni yóò bá a níbẹ̀. Ìlànà òpópónà Manhattan tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1811 ni wọ́n ṣì ń tọ̀ títí di òní, bẹ́ẹ̀ ilé tó ṣẹ́ kù láti ìgbà náà kò tó nǹkan.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí òpópónà àdúgbò kan ṣe so mọ́ra tó, oríta ni kí ẹ kà. Èdè wa ti bá wa ṣe ìdajì iṣẹ́ náà: oríta mẹ́ta, oríta mẹ́rin. Oríta mẹ́rin gba 4, oríta mẹ́ta gba 3, òpin ọ̀nà tí kò jáde síbì kankan gba 1. Ẹ ro wọ́n pọ̀, kí ẹ fi iye ibi tí ẹ kà pín in. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe pọ̀ tó ni ọ̀nà ṣe so mọ́ra tó. Ká ní àdúgbò kan ní oríta mẹ́rin 40, oríta mẹ́ta 55 àti òpin ọ̀nà 5: 330 tí a fi 100 pín, ó di 3.3. Òmíràn ní oríta mẹ́rin 10, oríta mẹ́ta 60 àti òpin ọ̀nà 30: ó di 2.5. Lórí ìwé, ìyàtọ̀ yẹn kéré. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ló mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ wo ilé méjì tó kẹ́yìn síra wọn, tí ògiri kan ṣoṣo là wọ́n láàárín. Bí ẹ bá ń sín ní ọ̀kan, wọn á gbọ́ ní ìkejì. 30 mítà ni láti ilé sí ilé. Àmọ́ ẹ́sítéètì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà, géètì kọ̀ọ̀kan ni ẹ́sítéètì méjèèjì sì ní. 600 mítà dé géètì, 500 mítà létí títì ńlá, 600 mítà wọlé padà: 1,700 mítà. Ẹni tó ń rin kìlómítà 5 ní wákàtí kan yóò lo nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kí ó tó dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò tó ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọjà. Àwọn tó ń pín ilẹ̀ báyìí ló sọ ọ́ di ọ̀nà kan. Nígbà tí gbogbo ẹ́sítéètì bá ń da ọkọ̀ sórí títì kan náà, a ó wá máa pariwo pé kí wọ́n fẹ títì náà sí i.

Bí oríta ṣe jìnnà síra ṣe pàtàkì bákan náà. Tí òpópónà bá ń la ara wọn kọjá ní 100 mítà-100 mítà, kìlómítà kan níbùú lóròó yóò ní oríta 100 àti òpópónà kìlómítà 20. Ẹ sọ ọ́ di 200 mítà, oríta á já sí 25, òpópónà á ku kìlómítà 10. UN-Habitat, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìlú àti ilé gbígbé, dámọ̀ràn òpópónà kìlómítà 18 ó kéré tán nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí òpópónà sì gba 30% ilẹ̀.

Láti mọ bí ìsopọ̀ òpópónà ṣe yí padà láti ọdún dé ọdún, iṣẹ́ wà níbẹ̀. OpenStreetMap, máàpù ọ̀fẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò sọ ìgbà tí wọ́n la ọ̀nà, ti òní nìkan ló ń fi hàn. Àwòrán sátẹ́láìtì la fi ń mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Àkójọ GHSL ti Àjọ Yúróòpù, tí wọ́n fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ṣe, fi ibi tí ilé ti wà hàn láti 1975. Ẹ tẹ́ ẹ lé orí àwòrán òpópónà, ẹ ó rí oríta tó ti wà láàárín ilé ní 1990 àtèyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀. Irú ọ̀nà yìí ni àwọn olùwádìí méjì, Barrington-Leigh àti Millard-Ball, gbà nínú iṣẹ́ wọn ti 2020. Wọ́n rí i pé láti 1975, òpópónà tuntun lágbàáyé kò so mọ́ra bíi ti tẹ́lẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí 1994 ló burú jù kó tó máa dínkù. Bolivia, Argentina àti Peru ṣì ń là á ní oríta mẹ́rin-mẹ́rin.

OSMnx, ètò kọ̀ǹpútà tí Geoff Boeing ṣe, máa ń ka oríta orí OpenStreetMap fúnra rẹ̀, àmọ́ ó lè tan yín jẹ. Tí ẹ bá gé àwòrán ní ààlà ìlú, ọ̀nà tó ń bá a lọ á dà bí èyí tó dópin. Ẹ mú kìlómítà kan kún un, ẹ ṣírò tán kí ẹ tó gé e. Níbi tí títì ńlá méjì bá ti pàdé, tí ìlọ àti àbọ̀ kọ̀ọ̀kan wọn ní ìlà tirẹ̀ lórí máàpù, kọ̀ǹpútà á ka oríta kan ṣoṣo sí oríta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mẹ́rin. Ẹ pa àwọn ojú oríta tó wà láàárín bíi mítà 10 síra wọn pọ̀ di ẹyọ kan. Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ìgbèríko ìlú: ẹni tó ya ọ̀nà láti orí sátẹ́láìtì fi mítà méjì sílẹ̀ láìso ó pọ̀. Lójú, ó ti kan ara. Kọ̀ǹpútà rí òpin ọ̀nà méjì. Géètì tí ẹnikẹ́ni kò sàmì sí ń ṣe òdìkejì rẹ̀: àwòrán ní ọ̀nà là, bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀.

Oko tí wọ́n ń tà ní ègé-ègé máa ń fa ọ̀pọ̀ òpin ọ̀nà. Olóko kọ̀ọ̀kan ń fa ọ̀nà dé ààlà tirẹ̀, ó dúró. Ti ẹnìkejì bẹ̀rẹ̀ ní mítà 15 sí apá òsì. Ohun tí Shlomo Angel, onímọ̀ nípa bí ìlú ṣe ń fẹ̀, àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá àwọn ìlú bíi Hawassa àti Adama ní Ethiopia, àti Valledupar ní Colombia ṣe ni pé kí ìjọba ya ilẹ̀ títì ńlá sọ́tọ̀ kí ilé tó dé: fífẹ̀ mítà 30, kìlómítà kan sí kìlómítà kan. Kò gbà ju nǹkan bí 6% ilẹ̀ lọ. Kò pọn dandan kí wọ́n dá ọ̀dà sí i lọ́dún náà. Ààlà tí wọ́n fi òkúta sàmì sí tó.

Níbi tó ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹ wá ibi tí òpin ọ̀nà méjì ti kọjú síra, kí ẹ la ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ mítà 3 láàárín wọn. Kí ó tọ́ gbọọrọ, kí iná wà níbẹ̀, kí ẹni tó dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ rí ẹni tó wà ní òpin. Tí ó bá wọ́, ẹ̀rù lè mú kí àwọn ará ibẹ̀ tún un dí.