Àyẹ̀wò ọdún 2023: ìbò, epo àti Bàámi

Ọdún yìí kò ṣe é tò lóṣooṣù fún mi. Mo gbìyànjú láti rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹrin, mi ò rí nǹkan kan mú. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló gba gbogbo àyè: Sátidé, ọjọ́ 25 oṣù kejì, tí èmi àti Bàámi jọ lọ dìbò. Ẹ̀yin tí a ti jọ ń bọ̀ látẹ̀yìn mọ Bàámi. Ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù káfíńtà wọn ní Òkè-Àdó n'Ìbàdàn, ẹ mọ rédíò wọn tí kì í dákẹ́, ẹ sì mọ̀ pé wọ́n fi wá sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá. Mi ò ní tún ìyẹn tò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ rántí bí oṣù kejì ṣe rí. Owó tuntun tí ìjọba fi rọ́pò ti àtijọ́ kò sí, wọn ò gba owó àtijọ́ lọ́jà. Èèyàn lówó ní báńkì, kò rí i ná. Lọ́dọ̀ àwọn oní-POS, àfi kí o fi owó ra owó ara rẹ. Àwọn ọ̀dọ́ bínú jáde n'Ìbàdàn, wọ́n dáná sun táyà, wọ́n dí ojú ọ̀nà. Ọjọ́ 3 oṣù kẹta ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó pàṣẹ pé kí a ṣì máa ná ₦200, ₦500 àti ₦1,000 àtijọ́, ìbò ààrẹ sì ti kọjá nígbà náà. Inú ìnira yẹn ni Bàámi wà tí wọ́n fi ń bi mí ní alaalẹ́ bóyá mo ṣì mọ ibi tí mo fi káàdì ìdìbò mi sí.

Ọgbà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan la ti ń dìbò. Àwọn òṣìṣẹ́ pẹ́ kí wọ́n tó dé, oòrùn ti mú. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lórí ìlà ní kí àwọn àgbàlagbà máa bọ̀ níwájú. Nígbà tó kan Bàámi, ẹ̀rọ BVAS tí wọ́n fi ń yẹ olùdìbò wò kò dá ìka wọn mọ̀. Ọmọ tó di ẹ̀rọ náà mú nu ìka, ó tún un tẹ̀, ẹ̀rọ kọ̀. Ayùn àti pákó ti jẹ ilà ọwọ́ Bàámi tán. Wọ́n ní, "Ìka mi wà lára bẹ́ẹ̀dì àwọn ará Ìbàdàn, ẹ lọ wò ó níbẹ̀." Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà gbé ẹ̀rọ sókè sí wọn lójú, ẹ̀rọ sì dá ojú wọn mọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí a ń kúrò níbẹ̀, ohun tí Bàámi kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé o ká ìwé yẹn dáadáa, kí tàdáwà má lọ ràn mọ́ ẹgbẹ́ mìíràn?" Wọ́n mọ̀ pé a kò dìbò fún ẹnì kan náà. A ti ń fa ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ra wa lọ́wọ́ láti Kérésì tó ṣáájú. Síbẹ̀, ohun tó jẹ wọ́n lógún ni pé kí ìbò tèmi má bàjẹ́. Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ olóṣèlú kankan lọ́dún yìí tó wọ̀ mí lára tó ìbéèrè yẹn.

Ọjọ́ 1 oṣù kẹta ni INEC, àjọ elétò ìdìbò, kéde pé Aṣíwájú Bọ́lá Tinúbú ló wọlé, pẹ̀lú ìbò tó lé ní mílíọ̀nù 8.7. Wọ́n ti ṣèlérí pé èsì yóò máa hàn lórí ìkànnì IReV láti ibùdó ìdìbò, ti ààrẹ kò hàn bó ṣe yẹ. Atiku àti Obi, tí wọ́n bá a du ipò náà, gba ilé ẹjọ́ lọ. Ohun tó dùn mí jù ni iye àwa tó jáde. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ju mílíọ̀nù 93 lọ. Àwọn tó dìbò kò tó mílíọ̀nù 25. Mi ò lè bú àwọn tó jókòó sílé. Ẹ̀rù ń ba àwọn kan, owó ọkọ̀ kò sí lọ́wọ́ àwọn kan, ó sì ti sú ọ̀pọ̀. Ìbéèrè tí mo ń bi ara mi láti ìgbà náà ni pé, kí ló dé tí kò fi sú Bàámi?

Mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n. Bàámi ti rí i rí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n ní oṣù kìíní 1955, nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn. Àgbẹ̀ aláròjẹ ni bàbá wọn, kò ní owó ilé ìwé. Ìjọba ní kí ọmọ lọ, ọmọ sì lọ. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́, ojú wọn ni wọ́n ṣe ń kọ́ Ilé Cocoa ní Dùgbẹ̀ tí wọ́n fi parí rẹ̀ lọ́dún 1965, pẹ̀lú owó kòkó. Ilé Àwọn Àgbẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Kì í ṣe pé ohun dáadáa nìkan ni wọ́n rí. Ọdún yẹn kan náà ni wẹ́tíẹ̀, tí àwọn èèyàn ń da bẹntiróòlù sórí ilé àti sára ọmọnìkejì wọn nítorí ìbò tó ní màgòmágó nínú. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 1993 wọ́n dìbò fún Abíọ́lá, Hope '93, ẹlẹ́ṣin. Ní ọjọ́ 23 oṣù yẹn, ìjọba ológun Babangida wọ́gi lé e. Ẹ̀gbọ́n mi ní Bàámi ò fẹnu kan oúnjẹ lọ́jọ́ náà. Nígbà tó di 1999, wọ́n tún tò sórí ìlà.

Lọ́jọ́ 23 oṣù kejìlá yìí, ó pé ọdún 22 tí wọ́n pa Bọ́lá Ìgè, mínísítà ètò ìdájọ́ nígbà náà, nínú ilé rẹ̀ ní Bódìjà. Ọdọọdún ni Bàámi máa ń sọ ọ́ sókè lọ́jọ́ náà pé ìjọba ò tíì fi ìyà jẹ ẹni tó pa á. Lọ́dún yìí, èmi ni mo sọ ọ́, mo sọ ọ́ fún àwọn ìbejì.

Èmi ńkọ́? Ìlérí ni mo bá nílẹ̀. Tí mo bá ní Nàìjíríà yóò dára, ohun tí ojú mi ò rí rí ni mò ń sọ. Bàámi ń rántí ni tiwọn.

Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ni ààrẹ tuntun sọ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Lítà epo kan tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tó di oṣù keje, ó ti lé ní ₦600. Ẹ̀yin oníbàárà mi mọ ohun tí ìyẹn ṣe fún jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù mi. Owó oògùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í fò, ilé iṣẹ́ apoògùn ńlá kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì kéde ní oṣù kẹjọ pé àwọn ń kógbá wọlé ní Nàìjíríà. Bàámi ń fo ọjọ́ kọjá nínú oògùn ìfúnpá wọn kó lè pẹ́ tán. Wọn ò sọ fún wa. Inú páálí tó ṣẹ́ kù ni mo ti kà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti nọ́ọ̀sì. Ó ní kí Bàámi dín iyọ̀ àti ẹran kù. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ti iyọ̀ nìkan ló kù. Ìjọba ti bá mi dín ẹran kù láti oṣù kẹfà." Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

Nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fìdí èsì ìbò múlẹ̀ lọ́jọ́ 26 oṣù kẹwàá, kò sí ẹni tó tan rédíò nílé wa.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ẹ̀yin tí ẹ fowó ránṣẹ́ lórí fóònù, ẹ̀yin tí ẹ wá jókòó tì wá láìsọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ní Kánádà tí kò rí ọ̀nà wálé ṣùgbọ́n tí kò sùn, àti ọmọṣẹ́ Bàámi tó ṣí ṣọ́ọ̀bù padà kí ogójì ọjọ́ tó pé. Ẹ ò ní fi irú rẹ̀ gbà á.

Ní ti 2024, mi ò lè ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni pé Àbújá yóò yí padà. Mo fẹ́ kí ó yí padà, mo sì ń gbàdúrà kí ààrẹ tó wà níbẹ̀ ṣe dáadáa, ọmọ Nàìjíríà ni mí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo fẹ́ fún àwọn ìbejì: kí wọ́n ní ohun kan, bó ti wù kó kéré, tí wọn yóò máa rántí pé ìjọba ṣe, tí ojú wọn sì ṣe. Gọ́tà tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù Bàámi ti dí láti ọjọ́ pípẹ́. Ní 1980, nígbà tí odò Ògùnpa kún, omi gbé pákó wọn lọ. Ní oṣù kẹjọ 2011 tí omi tún pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún n'Ìbàdàn, ó wọ ṣọ́ọ̀bù dé orúnkún. Ìjọba ìbílẹ̀ ló ni gọ́tà àdúgbò. Àwọn alága tó wọlé ní oṣù karùn-ún 2021, sáà wọn yóò parí ní 2024, wọn yóò sì tún wá tọrọ ìbò. Kí wọ́n tó dé, mo fẹ́ kí a ti lọ bá wọn. Wọ́n lè má dá wa lóhùn. A ó tún lọ.

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kìíní la máa pàdé, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ọmọṣẹ́ Bàámi ti ní òun máa to bẹ́ǹṣì síta. Lẹ́tà ti wà nílẹ̀, ìfọwọ́sí yín ló kù. Ẹ mú káàdì ìdìbò yín dání, kí a lè mọ àwọn tí tiwọn ti sọnù.