Ẹ Tú U Wò Kí Ẹ Tó Náwó Lé E

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ìkòròdú, ẹ kú iṣẹ́. Láti ìgbà tí mo ti ń tún desktop àtijọ́ ṣe ní Sábó, ọ̀rọ̀ kan náà ni mò ń gbọ́ ṣáá: ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń falẹ̀ á dé, á ní processor, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ni òun fẹ́ pààrọ̀. Ẹni tí tirẹ̀ kò tàn mọ́ á ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé motherboard, ìyẹn pátákó ńlá tí gbogbo nǹkan inú rẹ̀ so mọ́, ti jóná. Kò sí èyí tó tíì ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò nínú wọn. Owó tí kò tó náà ni wọ́n sì fẹ́ fi ra ohun tí kò bàjẹ́.

Ẹ yọ wáyà iná, ẹ tẹ bọ́tìnì tí a fi ń tàn án kí iná tó ṣẹ́kù sínú rẹ̀ lè tán, kí ẹ fọwọ́ kan irin ara rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀ lè yà yín lẹ́nu: eruku ọyẹ́ tó ti dì bí òwú sára fáànù, aáyán, nígbà mìíràn òkú ọmọńlé nínú power pack, àpótí tó ń pín iná fún gbogbo rẹ̀. Ẹ fẹ́ eruku náà dànù níta gbangba, ẹ sì di fáànù mú kó má baà máa yí bí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́ ẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ óò yọ RAM, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí. Ẹ wo etí rẹ̀ tó ní àwọ̀ wúrà dáadáa. Níbi tó bá ti dúdú, ẹ fi rọ́bà tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́ nù ún jẹ́jẹ́ títí tó fi máa dán, ẹ gbọn ìdọ̀tí rọ́bà náà kúrò, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ padà títí ìkọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á fi dún “kó”. Desktop tí kò gbé nǹkan kan wá sójú screen, tó kàn ń ké “bíìpù, bíìpù”, púpọ̀ nínú wọn ló ń dìde láìjẹ́ pé a ṣe ju báyìí lọ. Ẹni tó bá gba owó motherboard lọ́wọ́ oníbàárà nítorí RAM tó dọ̀tí, olè ni, kò ní orúkọ mìíràn.

Bí aago rẹ̀ bá ń padà sí ọdún tó ti kọjá nígbàkúùgbà tí wọ́n bá mú iná lọ, tí browser sì ń kìlọ̀ pé wẹ́bùsáìtì gbogbo kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, bátìrì CR2032 orí motherboard ló ti kú. Bátìrì pẹlẹbẹ volt 3 ni, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ tún aago ṣe, ó parí.

Ìfàlẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ pọ̀ lé lórí. Ẹ ṣí Task Manager lórí Windows, ibẹ̀ lẹ óò ti rí ohun tó ń ṣiṣẹ́ jù. Bí ẹ bá rí disk ní 100% nígbà tí CPU, ìyẹn processor náà, wà ní 10 tàbí 15%, processor kò jẹ̀bi. Hard disk tí fáìlì wà nínú rẹ̀ ni. Nínú ọ̀pọ̀ desktop, àwo inú rẹ̀ ń yí nígbà 7,200 ní ìṣẹ́jú kan, orí tó ń ka nǹkan sì gbọ́dọ̀ máa sáré láti ibì kan dé ibì kan kó tó rí fáìlì kéékèèké tí Windows ń bèèrè. SSD, tí a fi ń rọ́pò hard disk, kò ní ohun tó ń yí. Lórí SATA (ojú ìsopọ̀ tó so disk mọ́ motherboard) tó dára, ó lè ka nǹkan bí 500MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, níbi tí hard disk àtijọ́ ti ń ka 100 sí 150. Ṣùgbọ́n nídìí fáìlì kéékèèké yẹn ni ẹ óò ti mọ̀ ọ́n lára jù. SSD 240GB ti tó fún Windows àti iṣẹ́ iléèwé. Bí CrystalDiskInfo, ètò ọ̀fẹ́ tó ń yẹ ara disk wò, bá sọ pé ara hard disk náà ṣì le, ẹ fi í sílẹ̀ fún fíìmù àti fọ́tò. Bó bá ti ń ró “kẹ́, kẹ́, kẹ́”, ẹ kó fáìlì inú rẹ̀ kúrò lónìí.

RAM ló tẹ̀lé e. Láti ibí dé Computer Village ní Ìkẹjà, níbi tí a ti ń rà á, owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ wà nínú ìṣirò, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Mile 12 náà sì wà níbẹ̀, nítorí náà ẹ mú RAM àtijọ́ dání. DDR2, DDR3 àti DDR4, ìyẹn ìran RAM, kì í wọ ihò ara wọn, ti laptop sì kúrú. Ẹ ka ohun tó wà lára rẹ̀: bí ẹ bá rí PC3-12800U, ti desktop ni, bó bá jẹ́ R ló parí rẹ̀, ti server (kọ̀ǹpútà ńlá iléeṣẹ́) ni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tà á ní pọ̀ọ́kú. Kò ní ṣiṣẹ́ nínú desktop lásán, bó ti wù kí ẹni tó ń tà á búra tó. Bí Windows yín bá sì jẹ́ 32-bit, irú ti àtijọ́, èyí tó bá ju 4GB lọ kò ní wúlò fún un. 64-bit ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé sórí rẹ̀.

Tí power pack bá ní bọ́tìnì pupa lẹ́yìn, volt 230 ni tiwa. Èyí tó bá wà ní 115 máa bú gbàù bí ẹ bá ti kì í bọ iná. Àwọn Dell àti HP kékeré kan wà tí power pack gbogbogbòò kò wọ̀, ẹ wọn ti àtijọ́ kí ẹ tó sanwó. Níbi tí iná bá sì ti ń ṣe ségesège, UPS tòkunbọ̀ (àpótí tó ń gbé iná dúró díẹ̀ bí wọ́n bá mú un lọ) tí a fi bátìrì tuntun sí ni mo máa kọ́kọ́ rà kí n tó fi RAM kún RAM.

Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, 2025. Windows 11 ń bèèrè TPM 2.0, ìyẹn ohun ààbò inú kọ̀ǹpútà, àti, ní ti Intel, processor ìran kẹjọ sókè. Èyí tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, Linux Mint Xfce, ètò ọ̀fẹ́ tó ń rọ́pò Windows, ni mò ń gbé sórí rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ tẹ lẹ́tà, ka PDF, wo fídíò. Àwọn kan á kọ́kọ́ kùn pé kò jọ èyí tí àwọn mọ̀. Tó bá yá, wọ́n á dákẹ́.

Bó bá jẹ́ Core 2 Duo, processor àtijọ́, tó ń lo DDR2 ni, ẹ má ra RAM kankan sí i. SSD nìkan ni kí ẹ fi sí i, torí lọ́jọ́ tí ẹ bá rówó ra desktop tòkunbọ̀ míì, ẹ óò yọ SSD yẹn, ẹ óò sì fi sínú rẹ̀. DDR2 kò ní ibi tó ń bá yín lọ.