Onílé Mowé

"Onílé Mowé" ni wọ́n ń pè mí ní àgbàlá tí a ti ń rẹ aṣọ ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Ẹni tí kò bá mọ ìdí ẹ̀ á rò pé mo lówó. N ò nílé kankan ní Mowé. Ilẹ̀ ni mo ní níbẹ̀ nígbà kan, odindi pulọ́ọ̀tì kan, mo sì tà á.

Ọdún 2003 ni mo rà á, ₦80,000. Lọ́jọ́ tí a lọ wò ó, àdá ni wọ́n fi ń lànà níwájú wa, bàtà mi kan sì há sínú ẹrẹ̀. Ní 2006 mo tà á ní ₦180,000. Kí n má parọ́, inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Mo ra ẹran wálé. Nǹkan tí mo rà ní ọgọ́rin, mo tà á ní ọgọ́sàn-án, ta ló tún gbọ́n tó mi? Mo fi owó náà ra jẹnẹrétọ̀ àti fíríísà ńlá méjì, mo ní mo fẹ́ máa ta omi dídì. Epo gbé èrè, iná ò wá, kò pé ọdún méjì tí òwò náà fi wọlẹ̀. Àwọn tó ń ra irin ti kó fíríísà lọ. Jẹnẹrétọ̀ ṣì wà lẹ́yìnkùlé wa, adìẹ kan ló ń yé sábẹ́ ẹ̀ báyìí.

Ìgbà tí Mowé wá di ìlú ni ìyà mi bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń kó kàm̀pálà lọ fún àwọn oníbàárà ní Èkó, ọ̀nà Ṣàngó sì ti bàjẹ́ kọjá sísọ, Síun la máa ń gbà já sí Ṣágámù. Téèyàn bá ti kọjá Redemption Camp, Mowé ló kàn. Lọ́wọ́ ọ̀tún, lẹ́yìn máàsì kan, ilé alájà kan wà níbẹ̀ tí òrùlé ẹ̀ pupa. Orí ilẹ̀ mi ló wà. (Ẹ gbọ́ mi bí? Mo ṣì ń pè é ní ilẹ̀ mi.) Kí bọ́ọ̀sì tó dé Berger, mo ti fi ẹnu kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà síbẹ̀, mo ti gba owó ilé ọdún méjì lọ́wọ́ àwọn ayálégbé tí Ọlọ́run ò dá. Mo tiẹ̀ ti lé ọ̀kan nínú wọn jáde rí.

Nígbà tí reluwé tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í ná Èkó sí Ìbàdàn ní 2021, mo dúpẹ́. Láti Abẹ́òkúta, Papalanto àti Agbado ló gbà lọ, kò dé sàkáání Mowé rárá. Ibùdókọ̀ ẹ̀ ní Láderin jìnnà sí Ìtòkú, ẹrù mi sì máa ń pọ̀, síbẹ̀ òun ni mo ń wọ̀. Mo ń sọ fáwọn èèyàn pé afẹ́fẹ́ tútù inú ẹ̀ ló wù mí. Irọ́ ni. Òrùlé pupa yẹn ni mò ń sá fún.

Kò kúkú ràn mí lọ́wọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ẹnìkan fi iye tí wọ́n ń ta pulọ́ọ̀tì ní Mowé ránṣẹ́ sórí WhatsApp. N ò ní kọ ọ́ síbí, ẹ̀jẹ̀ mi ti ga tó. Ogún yáàdì aṣọ ẹbí wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà, búlúù títàn ni wọ́n fẹ́. Mo ti po aró, kọ́sítíìkì ti wọ̀ ọ́, aṣọ ti wọnú ẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ọwọ́ ò gbọdọ̀ dúró nígbà yẹn. Ò ń yí i, ò ń rì í, ò ń tú ibi tó bá ká mọ́ra, torí pé ibi tó bá léfòó, tí atẹ́gùn kàn án, ọ̀tọ̀ ni àwọ̀ tó máa ní. Tó o bá fà á jáde, bí ewé tútù ló ṣe máa kọ́kọ́ rí. Atẹ́gùn á wá fẹ́ sí i, búlúù á máa yọ díẹ̀díẹ̀ láti etí aṣọ wá sáàárín. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń rí i, kò tíì sú mi.

Ọwọ́ mi wà nínú aró lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ èmi fúnra mi wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kẹta, mò ń bá ayálégbé jà.

"Ìyá Ṣèyí, níbo lo wà?"

Ìyá Àgbà ni. Òun ló kù nínú àgbàlá wa tó ṣì ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹlẹ́kọ, àdìrẹ tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya, orí àpótí ló jókòó sí. N ò mọ ìgbà tí mo dáhùn pé, "Mowé ni, mà."

Ẹ̀rín pa gbogbo ilé. Ibi tí orúkọ yẹn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí mo fa aṣọ náà jáde, ó dà bí orí ọmọ tí làpálàpá ń bá jà. Mo káwọ́ lérí, mo ní, "Ẹ̀yin Màmá, ká ní mo ti..." Wọn ò jẹ́ kí n parí ẹ̀.

"Ọjọ́ wo ni wọ́n ń bọ̀ wá gbé e?"

"Ọjọ́bọ̀, mà."

"Òní ńkọ́?"

"Ajé."

"Ṣó o wá rí i? Lọ wá omi." Wọ́n sì padà sídìí ìyẹ́ adìẹ wọn.

Aṣọ tó ti gba aró ò ṣeé sọ di funfun fún wa mọ́, dúdú la lè mú un dú sí i. Mo pe oníbàárà tó ni aṣọ, mo jẹ́wọ́, ó bínú, mo dín owó kù fún un, ó gbà kó dúdú. Ọjọ́rú ló gbẹ.

Àwọn àgbà ní gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Èmi ń rú u lójoojúmọ́ ní tèmi, owó aṣọ ẹbí ni mo sì fi ń ra ẹran ẹ̀. Obìnrin tó ta ilẹ̀ yẹn ní 2006, n kì í jẹ́ kó sọ tẹnu ẹ̀. Ọmọ méjì ló wà ní iléèwé, wọn ò tíì san owó oṣù baálé ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé igbó tí bàtà ẹ̀ há sí máa dìlú. Mo kàn ń fi ojú òní dá a lẹ́jọ́ ni, bẹ́ẹ̀ owó ọwọ́ ẹ̀ la fi jẹ ẹran lọ́jọ́ yẹn. Ó ṣì ń dùn mí o. N ò ní sọ pé kò dùn mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mi ò bá tíkẹ́ẹ̀tì reluwé, mo bá wọ bọ́ọ̀sì, a gba Síun. Bá a ṣe ń sún mọ́ Camp ni oníbàárà kan pè mí láti Surulere. Ó fẹ́ yáàdì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹlẹ́kọ gidi, kì í ṣe ti àbẹ́là. Mo ní Ìyá Àgbà nìkan ló kù tó ń ya á, ọwọ́ wọn ò yá mọ́, kó ní sùúrù. Ó ní kí n dín ẹgbẹ̀rún méjì lórí yáàdì kan. Mo ní rárá, ẹgbẹ̀rún kan. Nígbà tí mo gbójú sókè, a ti kọjá Mowé, Ìbàfò la wà.

A ò tíì parí ọ̀rọ̀ owó náà. Ó lóun á pè padà.