Kúbùsù Ẹ̀yìn Ìjàpá, Ọ̀sẹ̀ Kẹta: Mo Tú Gbogbo Rẹ̀

Mo ti tú u. Kúbùsù kíróṣé tó dà bí ìjàpá ni mò ń hun fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, onígun mẹ́fà tí mo máa so pọ̀ ló sì máa di ẹ̀yìn rẹ̀. Onígun mẹ́fà mọ́kànlá tí mo fi yangàn fún yín lọ́sẹ̀ tó kọjá ti padà di òwú. Wọ́n wà nínú náílọ́ọ̀nù lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, wọ́n ká wérewère bí irun ọmọ tuntun.

Orí, ìrù àti ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wà nílẹ̀ tipẹ́, mi ò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Ẹ̀yìn gan-an ni wàhálà.

Bí mo bá tẹ́ ọ̀kan sílẹ̀, kì í tẹ́. Etí rẹ̀ á máa ru sókè bí etí gèlè tí wọn ò so dáadáa. Mo kọ́kọ́ rò pé ọwọ́ mi ló le jù, mo bá fi ìkọ́ 5, tó sanra jù ú lọ, rọ́pò ìkọ́ 4. Gèlè náà tún tóbi sí i. Mo wọ́n omi sí i, mo fi píìnì kàn án mọ́ fóòmù mọ́jú. Bí mo ṣe yọ píìnì láàárọ̀, ó tún dìde. Mo ka ojú òwú rẹ̀ títí: 12 ní yípo àkọ́kọ́, 24 ní ìkejì, 36 ní ìkẹta, bí pátánì ṣe wí gẹ́lẹ́.

Àǹtí mi ló já a. Wọ́n wá kí wa lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n bá mi níbi tí mo ti ń wo fídíò ìyá ará Amẹ́ríkà tó ni pátánì náà. Wọ́n wò ó díẹ̀, wọ́n ní, "Kí ló ń pè ní dọ́bù? Tírébù lèyí tó ń ṣe yìí."

Ọwọ́ àǹtí ni mo ti kọ́ kíróṣé, ìwé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi kọ́ àwọn náà nílé ìwé. Dọ́bù àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kúkurú ni: ki ìkọ́ bọ ojú, fa òwú jáde, ká òwú, fà á gba inú ojú méjèèjì tó wà lórí ìkọ́, ó parí. Síńgù ni wọ́n ń pe ìyẹn ní Amẹ́ríkà. Dọ́bù tiwọn, tí àwa ń pè ní tírébù, wọ́n á ti ká òwú mọ́ ìkọ́ kó tó wọlé, ó sì ga ju tiwa lọ dáadáa. Èmi wá ń fi ojú kúkurú hun ohun tí wọ́n ṣírò fún ojú gíga! Ojú kúkurú kì í gbé etí jìnnà sí àárín, nítorí náà yípo rẹ̀ kì í fẹ̀. Ojú mẹ́fà ló yẹ kó fi bẹ̀rẹ̀, kí mẹ́fà sì máa kún un ní yípo kọ̀ọ̀kan. Èmi ń rọ́ méjìlá méjìlá sí i. Níbo ni wọn ì bá dúró sí bí kì í ṣe òkè?

Mo padà sí ìkọ́ 4, mo hun ọ̀kan pẹ̀lú ojú gíga lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo kàn ń fọwọ́ pa á lórí tábìlì ni.

Òwú ló tún kàn. Àwọ̀ ewé lọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní òun fẹ́. Mo padà sí Dùgbẹ̀ lọ ra sí i; èyí tí wọ́n gbé fún mi, ewé ni lóòótọ́, àmọ́ ewé tó ti gbó. Nọ́ńbà aró, èyí tó ń fi hàn bóyá ìgbà kan náà ni wọ́n pa àwọn òwú láró, tó wà lára bébà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Òǹtajà ní kò sẹ́ni tó máa rí i. Èmi ti rí i ná! Mo ṣì rà á, torí ilẹ̀ ti ń ṣú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra gbogbo òwú yín lẹ́ẹ̀kan náà.

Onígun mẹ́fà kéékèèké mẹ́tàdínlógójì ni mo kọ́kọ́ sọ fún yín pé mo máa hun, àbí? Ẹ gbàgbé ìyẹn. Lẹ́yìn náà ni mo wo àwòrán ìjàpá gidi: ìpẹ́ ńlá mẹ́tàlá ló wà lẹ́yìn rẹ̀, márùn-ún láàárín, mẹ́rin mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn wẹ́wẹ́ wá yí etí ká. Mẹ́tàlá ńlá ni mo máa hun, ínǹṣì 10 láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Márùn-ún àárín á gùn tó ínǹṣì 50, ó tó bo ọmọ ọdún mẹ́fà láti ọrùn dé ẹsẹ̀ kó sì ṣẹ́kù. Ewé tútù á wà láàárín, ewé gbígbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ẹni bá sì bi mí, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni.

Méjì ti jáde. Ìkẹta wà lórí ìkọ́, ó wà ní yípo kẹrin.