Ẹ Fa Ìlà Sórí Ìwé Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Kan Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin àbúrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ dátábéèsì (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ọ̀rọ̀ pamọ́ sí létòlétò), apá tó le jù nínú iṣẹ́ náà kò nílò iná mànàmáná. Ìwé, bírò àti rúlà ló ń fẹ́. Ẹ mú ìwé àwìn ìyá tó ń ta ìrẹsì, ẹ̀wà àti òróró. Orúkọ oníbàárà, nọ́ńbà fóònù, ọjà tó gbé, iye kóńgò, owó tó san: gbogbo rẹ̀ wà lójú ewé kan. Bí ẹ bá kó o báyẹn sínú àtẹ (table, tó ní ìlà àti òpó) kan ṣoṣo, gbogbo ìgbà tí oníbàárà bá rajà ni ẹ óò tún nọ́ńbà rẹ̀ kọ. Lọ́jọ́ tó bá yí nọ́ńbà padà, ẹ óò ṣàtúnṣe ogún ìlà, ẹ óò sì gbàgbé méjì. Dátábéèsì yín ti di ẹlẹ́nu méjì nìyẹn.

Láti 1970 ni Edgar Codd, tó ń ṣiṣẹ́ ní IBM, ti kọ ìlànà tí à ń tẹ̀ lé títí di òní: ẹ pín ọ̀rọ̀ sí àwọn àtẹ, kí dátà inú wọn so wọ́n pọ̀. Fún ìwé àwìn yìí, àtẹ márùn-ún tó (id ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan; onibara_id ń tọ́ka sí id inú onibara, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn yòókù):

onibara: id, oruko, foonu
oja: id, oruko, owo
tita: id, onibara_id, ojo
tita_oja: tita_id, oja_id, iye, owo_eyokan
isanwo: id, onibara_id, ojo, owo

(Ẹ má fi àmì ohùn sí orúkọ àtẹ tàbí òpó. Inú dátà gan-an ni àmì ti wúlò.)

Àtẹ kẹrin ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fò. Wọ́n á ṣe oja1, oja2, oja3 sínú tita. Ẹni tó bá ra ọjà mẹ́rin ti ba ètò yẹn jẹ́, bí ẹ bá sì fẹ́ mọ ẹni tó ra ẹ̀wà, òpó mẹ́ta lẹ óò máa wò. Nínú tita_oja, ọjà kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, kódà bí ọjà bá jẹ́ ogún.

Ẹ óò béèrè pé, ṣebí owó ọjà ti wà nínú oja, kí ló dé tí a tún kọ owo_eyokan? Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Iye tí à ń tà á lónìí ló wà nínú oja. Iye tí a tà á lọ́jọ́ náà ló wà nínú tita_oja, kò sì gbọdọ̀ yí padà mọ́. Bí ẹ bá fi ti oja ṣírò gbèsè, ọjọ́ tí ìrẹsì bá wọ́n ni gbèsè oṣù mẹ́ta sẹ́yìn náà á gbówó lórí. Ìjà ló máa dá sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ fi SQLite, ètò dátábéèsì kékeré, bẹ̀rẹ̀: inú fáìlì kan ni gbogbo dátà wà, Python (èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà) sì ti ní sqlite3, tó ń lò ó, nínú. Ṣùgbọ́n ẹ kọ PRAGMA foreign_keys = ON, àṣẹ tó ń mú kó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá id tí ẹ tọ́ka sí wà, nígbàkigbà tí ètò yín bá ṣí fáìlì náà. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ó lè gba títà fún oníbàárà 99 tí kò sí, kò sì ní sọ nǹkan kan.

Nọ́ńbà fóònù kì í ṣe nọ́ńbà tí à ń ṣírò. Ẹ fi TEXT (irú òpó fún ọ̀rọ̀) sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ 0803 á di 803. Owó ní tirẹ̀, INTEGER (nọ́ńbà odidi) ni, ní kọ́bọ̀: ₦1,250.50 á di 125050. Bí ẹ bá lo REAL (nọ́ńbà onídẹ́símà), ẹ rántí pé lójú Python, 0.1 + 0.2 jẹ́ 0.30000000000000004. Ẹ kọ ọjọ́ báyìí, 2024-03-05, kó lè tò létòlétò.

Orúkọ Yorùbá ní wàhálà tirẹ̀. Kò sí kóòdù kan ṣoṣo fún ẹ́. Ó lè jẹ́ ẹ pẹ̀lú àmì òkè, tàbí é pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú kọ̀ǹpútà, wọn kì í ṣe ìkan náà. Ẹ óò wá orúkọ tó wà níbẹ̀, ẹ kò ní rí i. Ẹ fi unicodedata.normalize("NFC", oruko), àṣẹ Python tó ń sọ irú kíkọ méjèèjì di ọ̀kan, tún un ṣe kí ẹ tó fi í pamọ́, kí ẹ sì ṣe bákan náà kí ẹ tó wá a.

Ẹ má lẹ ohun tí ènìyàn tẹ̀ mọ́ àárín SQL (èdè tí a fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀) láéláé. Bí olè ṣe ń wọlé nìyẹn. Ẹ lo àmì ìbéèrè, kí ẹ fi orúkọ náà ránṣẹ́ lọ́tọ̀:

cur.execute("SELECT id FROM onibara WHERE oruko = ?", (oruko,))

Ẹ ṣọ́ kọ́mà tó kẹ́yìn yẹn. Láìsí i, lẹ́tà orúkọ kọ̀ọ̀kan ni Python á kà sí iye kan, á sì kọ "Incorrect number of bindings". Bí ẹ bá sì gbàgbé conn.commit(), àṣẹ ìfipamọ́, ohun tí ẹ kọ á pòórá nígbà tí ètò bá parí.

Kí ẹ tó ṣe UPDATE (àṣẹ àtúnṣe), ẹ kọ́kọ́ fi WHERE (tó ń sọ ìlà tó kàn) kan náà ṣe SELECT (àṣẹ wíwò), kí ẹ ka ìlà tó jáde. UPDATE tí kò ní WHERE á yí gbogbo àtẹ padà.

Ẹ wá dán gbèsè wò. Oníbàárà kan ra ọjà mẹ́ta, ₦9,000 lápapọ̀; ó san owó lẹ́ẹ̀mejì, ₦6,000 lápapọ̀. Bí ẹ bá fi JOIN, àṣẹ tó ń so àtẹ pọ̀, kó tita_oja àti isanwo sínú SELECT kan ṣoṣo, ìlà mẹ́fà ló máa jáde: a ka ọjà lẹ́ẹ̀mejì, ó di ₦18,000, a ka ìsanwó lẹ́ẹ̀mẹta, òun náà di ₦18,000. Kọ̀ǹpútà á ní kò jẹ gbèsè kankan, bẹ́ẹ̀ ₦3,000 ìyá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fi SUM (àṣẹ ìròpọ̀) ro ọjà pọ̀ lọ́tọ̀, ẹ ro ìsanwó lọ́tọ̀, kí ẹ tó yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì.